Kí Ni Ọmọ Yóò Fi Ṣe Lọ́la?

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa sọ fún yín pé iṣẹ́ fífi ọ̀nà Jésù han ọmọdé rọrùn, ẹ yà sílé kejì. Ẹ ò ní bá a lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi, wọ́n ní àwọn kan nínú wọn ń rò ó bóyá kí àwọn náà yà síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣeré ni. Mi ò ṣeré o. Bí télọ̀ bá gé aṣọ ṣì, aṣọ náà wà nílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ayé á rí i, wọ́n á sì ra òmíràn. Èyí tí a bá gé ṣì nínú ọmọdé, ta ni yóò tètè rí i?

Àjọkẹ́ lorúkọ mi. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, Ìwó náà ni mo ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí yìí pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ nínú ìlú yìí ṣì ń pè mí ní Àǹtí Àjọkẹ́. Ìjọ gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n ń san ohun tí agbára wọn ká, mo ń fi aṣọ títà dí i. Ìyẹn tán. Ẹni tó bá ń torí owó ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ sá fún un.

Ọ̀gá mi ni kí n sọ̀rọ̀ wọn. Bàbá Tíṣà là ń pè wọ́n. Wọ́n ti ṣe hẹ́dìmásítà rí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó gba iṣẹ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í rẹ́rìn-ín lásán. Mi ò rí i rí kí wọ́n na ọmọdé. Àwa olùkọ́ ni wọ́n ń nà, ẹnu ni wọ́n sì fi ń nà wá. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹgba sàn jù ú lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé iwájú wọn, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo fẹ́ dìde, wọ́n ní kí n má tíì dìde.

Wọ́n ní, "Ibi tó o wà yẹn ni wàá ti máa kọ́ ọmọ. Ojú rẹ ò gbọdọ̀ ga ju ojú wọn lọ."

Ilẹ̀ ni mo wá jókòó sí títí iṣẹ́ fi tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ló ṣe orúnkún mi, ẹ ti gbọ́ báyìí.

Bàbá Tíṣà le, ẹ jọ̀ọ́. A ò gbọdọ̀ fún ọmọ ní bisikíìtì kí ẹ̀kọ́ tó parí. Wọ́n ní bisikíìtì ni ọmọ máa gbà gbọ́, kì í ṣe Jésù. A ò gbọdọ̀ sọ pé kí àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Jésù na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé a máa nà torí pé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti nà, àti pé ọmọ tí nǹkan bá ti wọ̀ lọ́kàn lóòótọ́ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá yín níbi tí ẹ ti ń ká ẹní. Ẹ fi sùúrù dúró dè é. Bí ó bá pẹ́ títí ọdún mẹ́ta, ẹ dúró dè é.

Èyí tó wá le jù ni ti àwọn òbí. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Ìwó, àwọn ọmọ wọn sì ni aládùúgbò wa, wọ́n ń gbọ́ orin wa, wọ́n fẹ́ wá. Bàbá Tíṣà ní ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ẹyẹ oko tí èèyàn ń dẹ pàkúté fún. Ká lọ sílé ọmọ náà, ká kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ká sọ ohun tí a fẹ́ kọ́ ọ láìfi ìkankan pamọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ká dúpẹ́, ká máa lọ. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú àwọn àfáà tó kọ́ idajì ìlú yìí ní kéwú. Òmíràn á ní rárá, á tún fún mi ní obì. Òmíràn á ní, "Àǹtí, ẹ kọ́ wọn kí wọ́n má purọ́, Ọlọ́run kan náà ni."

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìbéèrè kan wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a máa ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá Tíṣà, kí kálukú sọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n á dijú. Ẹ lè rò pé wọ́n ti sùn lọ. Tí ẹ bá parí, wọ́n á la ojú, wọ́n á ní, "Ó dára. Kí ni ọmọ yóò fi ṣe lọ́la?"

Tí ẹ ò bá lè dáhùn, ẹ ò ní kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ máa lọ kọ́ àwọn ọmọ lórin ni.

Èmi rò ó lọ́kàn mi pé ìbéèrè arúgbó ni. Kí ni ọmọ máa fi ìtàn ṣe? Á gbọ́ ọ ni, á gbádùn rẹ̀, á lọ sílé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Kuta, abúlé kan nítòsí Ìwó, ṣẹlẹ̀ ni ojú mi là.

Bàbá Tíṣà ti lọ tọ́jú ojú wọn ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu mi. Mo lọ sí Kuta, mo sọ ìtàn Ábúráhámù tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Mo mọ̀ ọ́n sọ o! Mo fi ọwọ́ ṣe ọ̀bẹ, mo gbé e sókè, gbogbo ọmọ la ẹnu sílẹ̀. Mo ní Ọlọ́run pèsè àgbò. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, torí wọ́n mọ àgbò yẹn nígbà Iléyá. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ọmọ kan ti sọnù ní Kuta. Gbogbo abúlé ti wọ igbó, wọ́n ń pè é. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó rí i lábẹ́ igi kòkó kan, ó wé ọwọ́ mọ́ igi náà, kò fẹ́ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sún mọ́ òun. Wọ́n bi í títí pé kí ló lé e.

Ó ní, "Bàbá mi ń pọ́n àdá. Mo wá àgbò ní gbogbo àgbàlá, mi ò rí àgbò."

Àdá oko ni bàbá náà ń pọ́n láàárọ̀ kùtù bó ṣe máa ń pọ́n ọn lójoojúmọ́.

Nígbà tí Bàbá Tíṣà dé, wọ́n mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Bàbá ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí òun bá na oúnjẹ sí ọmọ òun, ọwọ́ òun ló kọ́kọ́ máa ń wò. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú mi sí.

Lójú ọ̀nà, Bàbá Tíṣà ò bú mi. Ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n kàn ní, "Àgbàlagbà á gbọ́ ọ̀rọ̀, á fi sápò. Ọmọdé á gbọ́ ọ̀rọ̀, á gbé e wọ̀ bí aṣọ, á wọ̀ ọ́ jáde. Àjọkẹ́, máa bi ara rẹ léèrè."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà, ẹ máa rẹ́rìn-ín tí ẹ bá gbọ́. Pátákó ni, tí a fi aṣọ onírun bò. Àwòrán tí a gé, a máa lẹ aṣọ náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó á dúró. Bí ọyẹ́ bá dé, wàhálà dé nìyẹn. Atẹ́gùn á gbé Mósè lọ, àwọn ọmọ á sáré tẹ̀ lé e kọjá ilé Báálẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé àwòrán ńláńlá dé, a ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, ẹnu wa ló ń sọ̀rọ̀, ojú wa sì wà lójú ọmọ. Bí ẹ̀rù bá ti ń ba ọmọ kan, a máa rí i, a máa dúró.

Bàbá Tíṣà kú, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, èmi ni mo wá ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ kéékèèké lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn náà ń kùn sí mi lẹ́yìn bí a ṣe ń kùn sí Bàbá Tíṣà. Mo gbọ́, mi ò ṣe bí ẹni gbọ́.

Abúlé kan wà láàárín Ìwó sí Ilé-Ogbó tí a ń lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Mùkáílà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sìdíkátù. Ìyá wọn dàgbà nínú ìjọ wa kó tó lọ́kọ. Bàbá wọn ní tirẹ̀, Mùsùlùmí ni, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ó ní, "Wọ́n ń lọ sílé kéwú, wọn ò ní fi í sílẹ̀. Tiyín náà, tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n máa wá. Mo fà wọ́n lé yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ọmọ mi ṣòfò."

Mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́, sà."

Mùkáílà ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ojo ni, kí n má purọ́ mọ́ òkú. Ààrá ń bà á lẹ́rù, ajá ń bà á lẹ́rù, ọ̀nà oko tó ṣókùnkùn nídìí igi àràbà ń bà á lẹ́rù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń lọ síwájú, tí òun á máa tẹ̀ lé e. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń wá sí ẹ̀kọ́ kó tó wá bá mi níbi tí mo ti ń ká ẹní.

Ó ní, "Àǹtí, mo ti bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ta lo bá sọ̀rọ̀?"

"Jésù. Nígbà tí mò ń lé ẹyẹ lóko. Mo ní kó máa wà pẹ̀lú mi, kó bá mi mú ẹ̀rù kúrò."

"Kí ló wá sọ?"

Ó ní, "Kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo dá kọjá ìdí àràbà yẹn lọ́jọ́ náà."

Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí omi lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń fúnni, òun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fún ọmọ yẹn ní bisikíìtì, kò sẹ́ni tó ní kó na ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn débẹ̀. Ó tún wá dá kọjá ìdí àràbà.

Ọdún yẹn ni ìjọ ra tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti jẹnẹrétọ̀ fún iṣẹ́ àwọn ọmọdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tìmótì ló wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má gbọ́ mi ṣì. Ó fẹ́ràn ọmọdé, ara rẹ̀ yá mọ́ wọn. Ibi tí ọmọ ogún ti ń wá tẹ́lẹ̀, ọmọ wá ń ya wá bí omi. Inú àwọn àgbà ìjọ ń dùn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n yé fi àṣà àtijọ́ dí àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo ní kí Tìmótì jókòó kó sọ ẹ̀kọ́ ọ̀la fún mi.

Ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Mà, fídíò ló máa sọ ọ́. Èmi kàn máa tan ẹ̀rọ ni."

Mo ní, "Ta wá ni kí n bi ní ìbéèrè?"

Ó ní, "Ẹ bi ẹ̀rọ, mà."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ilé-Ogbó lọ, Tìmótì gba abúlé àwọn Mùkáílà lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ ni mo ti gbọ́ ọ. Fídíò Pétérù tó rìn lórí omi ni. Wọ́n rí i pẹ̀lú ojú ara wọn: ọkùnrin gidi, omi gidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ omi bí ẹni ń tẹ ilẹ̀. Wọ́n rí i tí ẹ̀rù bà á, tó ń rì, tó ké, tí Jésù dì í lọ́wọ́ mú. Tìmótì wá pa ẹ̀rọ, ó dìde dúró.

Ó ní, "Kí ló jẹ́ kí Pétérù rì?"

Wọ́n pariwo, "Ẹ̀rù ló bà á!"

"Tí ẹ̀rù ò bá bà ẹ́ ńkọ́?"

"Màá rìn lórí omi!"

"Ta ló nígbàgbọ́ níbí?"

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ó pín bisikíìtì. Wọ́n ní ọwọ́ Mùkáílà ló ga jù.

Lẹ́yìn abúlé náà, àwọn oníyanrìn ti wa ilẹ̀ kan, wọ́n fi kòtò rẹ̀ sílẹ̀. Òjò ti kún inú rẹ̀. Omi tó ń ṣàn, ọmọ abúlé mọ̀ ọ́n, á ṣọ́ra fún un. Èyí dúró pẹ́ẹ́, ó tẹ́jú, bí ilẹ̀ pálọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mùkáílà àti Sìdíkátù ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Mùkáílà sọ igi rẹ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó tò ó létí omi bó ṣe máa ń tò ó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí àwọn jọ lọ. Sìdíkátù ní òun ò lọ.

Ó ní, "Ẹ̀rù ò bà mí mọ́ ní tèmi."

Ó sì lọ.

Àwọn oníyanrìn ló gbé e jáde. Nígbà tí ọ̀kadà fi máa gbé mi débẹ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sin ní ìlànà ẹ̀sìn bàbá rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ti há, kò lè sunkún mọ́. Mo wólẹ̀ sórí orúnkún mi níwájú bàbá náà.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde. Ibi tí ẹ kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́sí náà nìyẹn."

Kò ṣépè. Kò pariwo. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, ó lọ sí Ilé-Ogbó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àgbà ìjọ kan dìde nínú ìsìn, ó ní iṣẹ́ Èṣù ni. Òmíràn ní ọmọ náà kú gẹ́gẹ́ bí akọni ìgbàgbọ́, kí á máa fi ìtàn rẹ̀ gba àwọn ọmọ yòókù níyànjú. Yéè! Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde láàárín ìjọ.

Mo ní, "Ẹ fi Èṣù sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a ò yẹ̀ wò ló pa á. Ẹni tó bá tún fi ìtàn ọmọ yẹn gba ọmọ mìíràn níyànjú lójú mi, yóò rí mi."

Wọ́n fà mí jókòó. Wọ́n ní inú ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́, kò sì tíì yé bí mi. Tìmótì ní tirẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ń wà nínú ìlú báyìí. Bí a bá pàdé, á ní, "Ẹ kú ìrìn, mà," á sì máa wo iwájú. Èmi náà á ní, "O kú iṣẹ́."

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, àfi bí bàbá Mùkáílà ṣe ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo lọ.

Ó ní, "Sìdíkátù ni. Kì í sọ̀rọ̀, kì í sùn dáadáa. Bí wọ́n bá bu omi ìwẹ̀ fún un, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ojú omi, á máa wò ó. Bí ọwọ́ bá rì, á yọ ọ́, á tún tẹ́ ẹ. Àwọn àfáà ti ṣàdúà fún un. Ohun tó wà nínú ọmọ yẹn, èmi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò."

Ọmọ ọdún méje ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ń kó ẹ̀gẹ́ sí. Kò wò mí. Mo ń lọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan, a óò jókòó, màá bá wọn bó ẹ̀gẹ́, màá padà sílé. Lọ́jọ́ tó máa sọ̀rọ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, èèpo ẹ̀gẹ́ sì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ó ní, "Àǹtí, Pétérù ké, Jésù dì í lọ́wọ́ mú."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bùrọ̀dá mi náà ké. Mo gbọ́. Ohun tí Pétérù sọ lòun náà sọ. Kí ló dé tí Jésù ò dì í lọ́wọ́ mú?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdáhùn kún ẹnu mi. Iṣẹ́ mi ni. Mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ jù ló ṣe mú un lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Bàbá Tíṣà bí ẹni pé wọ́n jókòó tì mí: kí ni ọmọ yóò fi ṣe lọ́la? Lọ́la, á lọ sí kòtò yẹn kí Ọlọ́run lè fẹ́ràn òun náà. Mo fẹ́ sọ pé Èṣù ni. Lọ́la, kò ní lè jáde sẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ bùrọ̀dá rẹ̀ ló yẹ̀. Háà! Ọmọ tó dá kọjá ìdí àràbà? Lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ á padà sínú abọ́ omi. Mo yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ku ìkankan.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Sìdíkátù."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà ò mọ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Wọ́n ní kò sunkún láti ọjọ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó sunkún títí, mo gbé e lé itan mi. Nígbà tó rọlẹ̀, ó sọ èyí tó kù.

Ó ní, "Ó ní kí n wá, mi ò lọ. Ìgbàgbọ́ mi ò tó."

Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Bàbá Tíṣà ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yẹn fún ọmọdé, ọdún pípẹ́ ṣáájú kí fídíò tó dé. Mo ní, "Ṣé o rántí àwọn yòókù tó wà nínú ọkọ̀? Jésù ò pè wọ́n sórí omi. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí Jésù parí, inú ọkọ̀ yẹn náà ló wọ̀ wá bá wọn."

"Kò bá wọn wí?"

"Kò bá wọn wí."

"Rárá?"

"Rárá. Kò bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n jókòó."

Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé ọmọ náà ti ń wẹ̀, kò tẹ́ ọwọ́ lé ojú omi mọ́. Ṣùgbọ́n kò padà wá sí ẹ̀kọ́ mọ́, mi ò sì pè é. Mi ò lẹ́nu láti pè é.

Mo ṣiṣẹ́ náà lọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣe é. Kò sí ọmọ kan tó na ọwọ́ lójú mi mọ́, kò sí ẹ̀rọ tí mo jẹ́ kó sọ ẹ̀kọ́ tí mi ò kọ́kọ́ jókòó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ dín kù, wọ́n ní èmi ni mo lé wọn. Nígbà tó yá, ìjọ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún mi, wọ́n fún mi ní aago ògiri, mo wá sílé. Lónìí, inú fóònù ni ìtàn wà. Ìyá á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dáná, ọmọ á máa wo Dáníẹ́lì pẹ̀lú kìnnìún, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í. Èmi a máa wò wọ́n, a sì máa dùn mí.

Àwọn ọmọ àdúgbò díẹ̀ ṣì ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láìpẹ́ yìí, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tó gbójú sókè.

Mo ní, "Sìdíkátù?"

Ó ní, "Ẹ kú ilé, Àǹtí."

Mo bi í nípa bàbá rẹ̀, ó ní ara wọn le. Mo bi í nípa ọkọ rẹ̀, ó ní ọkọ òun mọ̀ pé òun wá, ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun fúnra òun ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò sì tíì mọ̀ bóyá òun máa wọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ ti ọmọ náà síwájú díẹ̀.

Ó ní, "Ó ń bi mí ní ohun púpọ̀ nípa Jésù. Mo ní n ó mú un lọ bá ẹni tí kò ní purọ́ fún un. Àmọ́ ìtàn Pétérù yẹn, ẹ má sọ ọ́ fún un. Mo ti sọ ọ́ fúnra mi."

Mo ní, "Báwo lo ṣe sọ ọ́?"

"Mo ní àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀, Jésù ò bá wọn wí. Mo wá sọ ti bùrọ̀dá mi. Ó bi mí ní ohun tí mo bi yín lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mo bi Àǹtí kan rí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀."

Ọmọ náà ti ń wò mí látìgbà tí wọ́n ti dé. Ó sún mọ́ mi.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo jókòó sílẹ̀, orúnkún mi ń ké. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ó wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lórí ẹní níwájú mi.